Àwọ̀ Mẹ́rin, Ohùn Ogójì: Bí Orin Ṣe Ń Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà ní Bàrígà

Bí èèyàn bá fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàléńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò ìsìnkú tàbí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ l'Ékòó, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi júwe Ṣómólú fún un. Ibẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, tí ẹ̀rọ Heidelberg, GTO àti Kord, ti ń dún láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹni tó bá ti dúró tì wọ́n rí yóò ti ṣàkíyèsí pé àwòrán aláràbarà tó wà lójú kàléńdà kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti kọ́kọ́ tú u sí àwọ̀ mẹ́rin, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní pléètì tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ alàwọ̀ kan, bébà á kọjá pẹ̀lú àwọ̀ àkọ́kọ́, wọn á dá a padà fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi pé. Bí ẹ bá wo pléètì yẹ́lò nìkan, ẹ ò ní dá ìyàwó mọ̀ nínú àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Ìgbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gun ara wọn lójú kan náà ni ojú ìyàwó tó yọ.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí bá ti yé ti mọ ìdajì bí àwọn ọ̀dọ́ Bàrígà tó múlé ti Ṣómólú ṣe ń ṣe orin nínú yàrá wọn. Àwọn òbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí ilé pọ̀ níbẹ̀ tí ọmọ ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí di ìdájí, tí ìyá rẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣe, tí ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀.

Láyé àtijọ́, odindi ẹgbẹ́ olórin ló ń wọ sítúdíò. Bí ó jẹ́ jùjú ni, bí ó jẹ́ àpàlà ni, onílù, agberin àti ọ̀gá wọn á dúró yí máìkì ká, wọn á sì ṣe orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí onígángan bá ṣì í lù, gbogbo wọn ló máa tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, téèpù tó lè gba ohùn kọ̀ọ̀kan sí ojú ìlà tirẹ̀ dé; tíráàkì ni wọ́n ń pe ojú ìlà bẹ́ẹ̀. Ní 1973, Paul McCartney tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles wá sí Èkó láti ṣe àwo Band on the Run. Sítúdíò EMI tó wà ní Àpápá ló lò jù, tíráàkì mẹ́jọ péré sì ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ní. Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́dún yẹn kan náà, tíráàkì mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ olówó ńlá ni. Olórin tí ilé-iṣẹ́ àwo ò bá tẹ́wọ́ gbà kò lè gbójú sókè wo irú ibẹ̀. Lónìí, láàpútọ́ọ̀pù àlòkù tí ọmọ kan rà ní Computer Village ní Ìkẹjà ní àyè fún 500 tíráàkì nínú FL Studio.

FL Studio yìí ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló gbilẹ̀ jù láàárín àwọn tó ń ṣe bíìtì lọ́dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ni ín. Didier Dambrin ló kọ ti àkọ́kọ́, tó jáde ní 1997 pẹ̀lú orúkọ FruityLoops. Ní 2003 ni wọ́n yí orúkọ náà padà, ṣùgbọ́n Fruity ló ṣì ń jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá ṣí i, ìlà mẹ́rin ni ẹ máa rí, ohùn ìlù kan fún ìlà kọ̀ọ̀kan: kíìkì tó ń lu àyà, kíláàpù tó ń dún bí àtẹ́wọ́, háàtì tó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́, àti sínéà. Níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni àpótí kéékèèké mẹ́rìndínlógún tò sí. Ẹ tẹ àpótí kan, á tàn. Bí àmì tó ń sáré bá dé ibẹ̀, ìlù yẹn á dún. Ẹ tẹ àkọ́kọ́, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án àti ìkẹtàlá lórí ìlà kíìkì, ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń jó ti dé nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó sídìí rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àpótí mẹ́rìndínlógún yẹn bá orin kílọ́ọ̀bù àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mu dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìlù tiwa kì í jókòó síbẹ̀. Ẹ fetí sí kónkóló bí agogo ṣe ń lù ú: ìlù méje ló wà nínú ìrìn méjìlá. Ẹni tó bá fi tipátipá ki méjìlá bọ inú mẹ́rìndínlógún á gbọ́ agogo tó ń tiro. Ọ̀nà wà láti tún un ṣe o. Ẹ dín ìlà náà kù sí méjìlá, kí ẹ pín ìlù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta dípò mẹ́rin, ó parí. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò ní dá ọmọ lábàá pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní láti ti gbọ́ kónkóló níbì kan, kó ti wọ̀ ọ́ létí, kó tó mọ̀ pé nǹkan sọnù. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé etí tí ọmọ ti ilé gbé wá ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ tó rà lọ.

Ohun kan tún bá èyí tan. Kọ̀ǹpútà fẹ́ kí gbogbo ìlù bọ́ sójú àmì gẹ́lẹ́. Onílù tó mọṣẹ́ kì í lù bẹ́ẹ̀. Omele lè ṣáájú díẹ̀, ìyáàlù lè fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó já ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló sì ń gbé ènìyàn dìde lórí àga. FL Studio gba kí ẹ pa ohun tó ń fa ìlù mọ́ ojú àmì, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín sún ìlù kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ kó wà. Mo mọ̀ pé ó ń gba sùúrù. Ọ̀nà tó tún dára jù ni kí ẹ pe onílù wá. Bàrígà kì í ṣe ibi tí onílù ti wọ́n: ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun Adéfilá àti ẹgbẹ́ eré rẹ̀, Crown Troupe of Africa, tó dá sílẹ̀ ní 1996, fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni Footprints of David ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ijó, ìlù àti eré. Gángan tó wà nínú àpò ohùn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kúrò nínú gbólóhùn tó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù wá sọ̀rọ̀ tó bá orin yín mu, kí ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ orin.

Àwọn tó ti àdúgbò yìí jáde ò kéré. Ṣómólú àti Bàrígà ni olórin 9ice dàgbà sí. ID Cabasa ló ṣe ìlù Gongo Aso, orin tó gbé e ga ní 2008. Ọlámidé, ọmọ Bàrígà, wà lábẹ́ ID Cabasa kan náà ní ilé-iṣẹ́ orin Coded Tunes nígbà tí orin Ẹni Dúró jáde ní 2010 àti nígbà tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, tẹ̀lé e ní 2011. Ní 2012 ló dá ilé-iṣẹ́ orin tirẹ̀, YBNL, sílẹ̀. Ní tèmi, ohun tó gbé àwọn méjèèjì débi tí wọ́n dé ni pé wọn ò fi Yorùbá tí wọ́n ń sọ lójú pópó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò.

Ìlù lè parí láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú ilé gbọ́ ohunkóhun, nítorí hẹ́dífóònù wà létí. Ohùn ènìyàn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Máìkì tó dáa ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ó ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń gbọ́ fáànù, ó ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún lókè. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń gba ohùn ní ìdájí nìyẹn. Wọn á gbé mátíráàsì ti ògiri, wọn á ṣí wọ́dúróòbù tí aṣọ kún inú rẹ̀, akọrin á sì kọjú sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Aṣọ ń gbé ohùn mì kó má baà ta padà lára ògiri, iṣẹ́ yẹn kan náà ni fóòmù olówó gọbọi ń ṣe ní sítúdíò ńlá.

Nígbà tí ohùn bá ń wọlé, kọ̀ǹpútà ń gé e wẹ́wẹ́, 44,100 ègé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń kó àwọn ègé náà jọ ní ìdì-ìdì kó tó fi wọ́n ránṣẹ́ padà sí etí akọrin. Bí ìdì kan bá jẹ́ 2,048 ègé, ohùn á pẹ́ tó ìdá mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán. Akọrin á máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bí ó bá jẹ́ 256 ni, ìdì kan kò tó ìdá mẹ́fà, etí ò sì ní fura. Kò yàtọ̀ sí ìgbà tí pléètì pupa bá yẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tí ètè ìyàwó á kúrò lójú ètè. Atẹ̀wé Ṣómólú kì í bú inki nígbà náà, ìtò ló ń tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé kò mọ àsìkò orin, iye ègé inú ìdì yìí nìkan ló yẹ kí wọ́n bá a dín kù. Ẹ dín in kù tí ẹ bá ń gba ohùn, ẹ gbé e sókè padà tí ẹ bá ń to orin, kí ohùn má baà máa já.

Auto-Tune náà wà, ohun tó ń fa ohùn tó bá ṣìnà padà sójú orin. Andy Hildebrand ló ṣe é, ní 1997. Iṣẹ́ fífi ìró wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó wúlò, mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Bí ẹ bá ṣí i dé òpin, gbogbo ibi tí ohùn ti ń rọra yọ̀ lọ sílẹ̀ á di àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ tí akọrin sọ lè máà jẹ́ èyí tí olùgbọ́ gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń kọrin ní Yorùbá ní láti jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bí gbogbo tíráàkì bá wá pé, ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orin ò tíì sí. Ẹ ní láti tò wọ́n. Kíìkì àti béèsì ń jà fún àyè kan náà nísàlẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàgò. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè lọ sí etí ọ̀tún, gìtá sí ti òsì, kí ohùn akọrin dúró láàárín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ á fi ohun gbogbo sókè. Atẹ̀wé tó bá da inki mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé bébà láìwọ̀n ọ́n mọ irú ẹrẹ̀ tó máa rí. Ẹ gbọ́ orin náà lórí fóònù kékeré, ẹ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rí. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yé wọn níbẹ̀, ẹ padà sílé lọ tún un tò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fò. Ọ̀pọ̀ ló ń lo FL Studio tí wọ́n jí, tí wọ́n ń pè ní kíráàkì. Mo mọ̀ pé dọ́là wọ́n. Fruity Edition tó kéré jù, tí kò lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, ń lọ sí 99 dọ́là. Producer Edition tó lè gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan kò ní sanwó mọ́ láéláé fún èyí tó bá jáde lẹ́yìn rẹ̀. Kíráàkì a máa gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sì lè parẹ́ lóru ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá tíì lówó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Audacity tàbí LMMS, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àdúgbò Ṣómólú mọ bó ṣe ń dun òǹkọ̀wé tí wọ́n bá jí ìwé rẹ̀ tẹ̀. Kí ọmọ olórin tó ń retí pé kí ayé ra orin rẹ̀ rò ó wò.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ọmọkùnrin tó bá gbé láàpútọ́ọ̀pù kọ́ ẹ̀yìn lójú títì wa báyìí, ọmọ Yahoo, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń pè é kó tó yanu. Mi ò ní kí ẹ di ojú yín sí ohun tí ọmọ yín ń ṣe. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wọ yàrá rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní kó pa gbogbo tíráàkì yòókù kí ẹ gbọ́ ìlù nìkan, lẹ́yìn náà kó jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn nìkan. Ẹni tó bá ń ṣe orin lóòótọ́, tayọ̀tayọ̀ ló máa fi hàn yín. Bí ẹ bá sì mọ orin tí ìyá yín àgbà máa ń kọ tí wọ́n bá ń gún iyán tàbí tí wọ́n bá ń rẹ ọmọ, ẹ kọ ọ́ sínú máìkì fún un. Kò sí àpò ohùn kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti lè rí i.