Ṣé o mọ̀? Olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n fi ṣe òkú tó ń rìn

Lọ́dún 1940, fíìmù ẹlẹ́rìn-ín kan jáde ní Amẹ́ríkà, The Ghost Breakers. Obìnrin kan jogún ilé ńlá ní Kúbà, wọ́n sì ní iwin ń gbé inú rẹ̀. Bob Hope àti Paulette Goddard ni olú òṣèré rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Willie Best ṣe ìránṣẹ́ tí ẹ̀rù ń bà. Òṣèré tó mọṣẹ́ dunjú ni, àmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹ̀sín ni wọ́n fi ń gbé e jáde: Sùn-kó-o-jẹun.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Noble Johnson, òṣèré dúdú mìíràn nínú fíìmù náà. Wọ́n kun ojú rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe òkú tó ń rìn. Ọkùnrin yìí kan náà, òun àti George àbúrò rẹ̀, ló dá ilé iṣẹ́ fíìmù Lincoln Motion Picture Company sílẹ̀ lọ́dún 1916. Nínú fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan kàwé gboyè ẹnjiníà, ó sì lọ wá epo rọ̀bì. Owó tí Johnson ń gbà ní Hollywood ló fi ń gbé ilé iṣẹ́ náà ró. Ó tilẹ̀ ṣe ará Rọ́ṣíà nínú fíìmù The Most Dangerous Game lọ́dún 1932!

Ẹ tún wò ó: Haiti ni ìtàn òkú tó ń rìn ti wá. Kúbà tí wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ni àwọn Lùkùmí, ìran tiwa gan-an, ti ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun. Kò sẹ́ni tó bi àwọn Lùkùmí yìí léèrè ohunkóhun.