Ọ̀nà Láti Igbó dé Igbó

Bí a bá dí gbogbo ọ̀nà tí ó wọ Ilé-Ifẹ̀, tí ará Iléṣà kò rí ọ̀nà wá, tí ará Oǹdó kò sì rí ọ̀nà kọjá, ọjà yóò tú, àna kò ní fojú kan àna mọ́, ẹni tí yóò gbéyàwó yóò sì máa wá a láàárín ẹbí ara rẹ̀. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ ọ̀pọ̀ ẹranko igbó lónìí.

Ní ayé àtijọ́, igbó kan so mọ́ igbó kejì. Ẹranko tí oúnjẹ bá wọ́n fún ní àfonífojì a gun òkè lọ. Ọmọ tí ó bá dàgbà a sì kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ wá ẹnìkejì níbòmíràn. Nígbà tí àgbẹ̀ ń dá oko kòkó, tí agégẹdú ń gé igi, tí a sì ń la ọ̀nà ọkọ̀, igbó pín sí abala-abala. Ó kù díẹ̀ sórí òkè tí ọkọ́ kò ràn, ó kù díẹ̀ sínú igbó ọba. Abala bẹ́ẹ̀ dàbí erékùṣù láàárín omi. Àwọn ẹranko inú rẹ̀ a máa bímọ láàárín ẹbí kan náà, irú-ọmọ wọn a sì di aláìlera. Bí àrùn tàbí iná bá wọlé, kò sí ibi tí wọn yóò sá sí.

Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba ní Nàìjíríà wà ní ìpínlẹ̀ Cross River. Irú ìnàkí kan ń gbé níbẹ̀ àti ní apá Kamẹrúùnù tí ó bá a pààlà, tí kò sí nínú igbó ibòmíràn láyé. Gbogbo wọn kò ju nǹkan bí 300 lọ. Lára ibùgbé wọn ni òkè Afi, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ní ọdún 2000, àwọn òkè Mbe, àti igbó ọba Okwangwo. Àwọn ibi wọ̀nyí kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n oko àti ọ̀nà ọkọ̀ ti là wọ́n láàárín. Àwọn onímọ̀ ṣa ìgbẹ́ ìnàkí jọ káàkiri, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ èyí tí ó bá èyí tan. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé àwọn díẹ̀ ṣì ń ti òkè kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀nà kò tíì dí tán.

Ẹni tí yóò so igbó pọ̀ a kọ́kọ́ wá irú ibi tí ẹranko ṣì ń gbà kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó dá igbó sí létí odò àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, kí ó gùn lọ bí ọ̀já láti igbó kan dé èkejì. Níbi tí a ti gé e, a ó tún gbin igi ìbílẹ̀ síbẹ̀. Igbó kéékèèké tí a bá fi sílẹ̀ láàárín oko a di ibi ìsinmi fún ẹyẹ àti ọ̀bọ. Oko kòkó tí ó wà lábẹ́ òjìji igi ńlá pàápàá sàn fún wọn ju ilẹ̀ gbalasa lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣòro jù kì í ṣe ti igi, ti ènìyàn ni. Ilẹ̀ tí ẹranko yóò gbà kọjá, oko ẹnìkan ni. Ẹranko náà sì lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi agbára gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, yóò di ọ̀tá igbó. Ìlú mẹ́sàn-án ni ó ni òkè Mbe. Ní 2005 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú náà ni a sì gbà sí iṣẹ́ aṣọ́gbó. Ní 2020, ẹ̀rọ ayàwòrán tí a so mọ́ igi níbẹ̀ ya agbo ìnàkí kan tí ọmọ wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Ní ìhà gúúsù ìlú náà ni igbó ọba Ṣaṣa wà. Ó súnmọ́ igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti igbó Oluwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Erin ṣì ń bẹ ní Omo, bẹ́ẹ̀ ni oko àti ayùn ń wọ inú àwọn igbó wọ̀nyí síwájú sí i. Ìrókò tí a gé ní òwúrọ̀ kan, ọmọ-ọmọ ẹni tí ó tún un gbìn ni yóò rí i kí ó tó ga bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó rọrùn láti dá ọ̀nà tí ó kù sí ju láti tún un là lọ. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Igbó kan ṣoṣo kò sì lè dá gba ẹranko là.