Ẹ̀rọ Lésà: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Gé Pákó

Ọ̀pọ̀ àmì-ẹ̀yẹ tí a ń fún ọmọ ní ọjọ́ wòlímọ̀ ni a kì í fi ọwọ́ kọ orúkọ sí mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń fín in, ẹ̀rọ náà kò sì ní ọ̀bẹ. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń lò. Àwa tí a ń gbé Marine Beach, láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí èbúté tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé. Òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà ní láti mọ bí ó ti rí, nítorí pé ó lè ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ jẹ́.

Ọmọdé tí ó bá ti fi dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí bébà ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀: ojú kan ṣoṣo ni yóò jó. Ibn al-Haytham, ọmọ ìlú Basra, ti ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn nínú Kitab al-Manazir ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lésà kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Theodore Maiman ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ní 1964, Kumar Patel, ọmọ Íńdíà, ṣe èyí tí ń lo gáàsì carbon dioxide, irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń gé pákó títí di òní.

Gáàsì náà wà nínú ọ̀pá dígí gígùn kan. Bí iná mànàmáná bá kọjá nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò jáde, dígí ìwojú méjì tí ó wà ní orí àti ìdí ọ̀pá yóò sì máa jù ú síra wọn títí yóò fi lágbára. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ kí díẹ̀ yọ jáde. Díẹ̀ yìí ni ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́ńsì yóò kó o jọ sí ojú kan tí kò tó ìdajì mílímítà, kọ̀ǹpútà yóò sì máa darí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí a yà. Bí agbára bá kéré tí ó sì yára, yóò fín ojú pákó. Bí agbára bá pọ̀ tí ó sì rọra, yóò gé e já. Omi ni a fi ń tu ọ̀pá náà lára. Nínú ooru Èkó, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ kí ó tó gbóná. Bí omi bá dúró, ọ̀pá lè sán, owó ńlá sì nìyẹn.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni ohun tí a ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Pákó, páálì, awọ màlúù àti Perspex kò burú bí fáànù bá ń fa èéfín jáde. Ṣùgbọ́n PVC, irú èyí tí a fi ń ṣe sílíìnì àti ọ̀pọ̀ awọ ayédèrú tí a fi ń rán báàgì, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Bí ó bá jó, gáàsì kan yóò jáde tí ó ń di ásíìdì bí ó bá kan omi, omi sì wà ní imú, ojú àti ọ̀fun wa. Yóò tún jẹ́ kí irin ẹ̀rọ dógùn-ún. Ẹni tí kò bá dá lójú lè lọ sí ìta gbangba, kí ó fi wáyà bàbà gbígbóná kan ohun náà, kí ó sì dá wáyà padà sínú iná. Bí ọwọ́ iná bá di àwọ̀ ewé, kí ó má gé e.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ gáàsì yìí kò ṣeé fojú rí, síbẹ̀ ó lè jó ojú. Ti àwọn ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ búlúù ń wọlé tààrà dé ẹ̀yìn ẹyinjú. Gíláàsì oòrùn kò lè dá a dúró. Èyí tí a ṣe fún irú lésà náà gan-an ni kí a wọ̀. Bí àkókò ìrun bá sì tó, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó lọ, nítorí pé pákó lè gbiná.

Ibì kan wà tí ọmọ ilé kéú ti ní àǹfààní. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan kì í mọ lẹ́tà Lárúbáwá í so pọ̀: wọn a tú wọn ká, wọn a sì tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Ẹni tí kò mọ kéú kà kò ní mọ̀ pé Bismillah ti bàjẹ́, yóò sì fín in bẹ́ẹ̀ sórí pákó olówó iyebíye. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á sókè lójú kọ̀ǹpútà, kí ó dán an wò lórí páálì, kí ó tó gbé pákó sí i. Ní ti òǹtẹ̀ rọ́bà, a ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bí ìgbà tí a bá wò ó nínú dígí, kí ó lè tẹ̀ bí ó ti yẹ.