Ọkùnrin Tó Ta Sítáǹpù Láti Dá Àmì-ẹ̀yẹ Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí sítáǹpù, bébà pélébé aláràbarà tí a máa ń lẹ̀ mọ́ àpò lẹ́tà. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, bí lẹ́tà bá ti dé ibi tó ń lọ, iṣẹ́ sítáǹpù ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri ayé tó ń kó o jọ. Èyí tó bá ti pẹ́, tí irú rẹ̀ kò sì pọ̀ nílẹ̀ mọ́, owó ńlá ni wọ́n ń fi rà á, bí ẹni tó mọyì aṣọ òkè ṣe máa ń wá sányán ayé ìyá àgbà kiri. Ẹni tójú rẹ̀ bá mọ ojúlówó lè rí jẹ dáadáa nídìí òwò yìí. Jakob von Uexkull jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìlú Uppsala ní orílẹ̀-èdè Swídìn ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1944. Akọ̀ròyìn ni bàbá rẹ̀. Bàbá àgbà rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Jakob, jẹ́ onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ó sì kọ́ ayé pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, títí dórí eégbọn ara ajá, ló ní ayé tirẹ̀ tó mọ̀ lára. Ọ̀rọ̀ àyíká ti wà nínú ilé náà kó tó kan ọmọ-ọmọ.

Ẹ óò rántí Nobel, àmì-ẹ̀yẹ tí Wọlé Ṣóyinká gbà nítorí lítíréṣọ̀ lọ́dún 1986. Alfred Nobel, ọmọ Swídìn tó ni owó náà, kú lọ́dún 1896. Ìwé ìhágún rẹ̀ ló là á sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fún àwọn èèyàn lẹ́bùn lórí físíìsì, kẹ́mísírì, ìmọ̀ ìṣègùn, lítíréṣọ̀ àti àlàáfíà. Báńkì àpapọ̀ Swídìn wá fi ti ọrọ̀ ajé kún un lọ́dún 1968.

Von Uexkull wò ó títí, ó rí i pé nǹkan méjì kò sí níbẹ̀. Kò sí ti àyíká, ìyẹn ilẹ̀, omi, igbó àti afẹ́fẹ́ tó gbé gbogbo wa ró. Kò sì sí ti àwọn tó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún àwọn òtòṣì, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù láyé. Ó tọ àwọn alábòójútó Nobel lọ pé kí wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀, òun náà á sì dá owó sí i. Wọ́n ní rárá, àwọn ti pinnu pé lẹ́yìn ti ọrọ̀ ajé, àwọn kò ní fi òmíràn kún un mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá lọ jókòó. Ọ̀gbẹ́ni yìí ta àwọn sítáǹpù rẹ̀, ó rí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là níbẹ̀, ó sì dá àmì-ẹ̀yẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ọjọ́ tó kù ọ̀la kí Nobel pín tirẹ̀ ló mú, ní Stockholm kan náà. Hassan Fathy, ayàwòrán-ilé ará Íjíbítì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Amọ̀ ni ọkùnrin yìí fi ń kọ́lé fún tálákà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti sùn nínú ilé amọ̀ rí lọ́sàn-án gangan mọ̀ bó ṣe ń tutù, kó tó di pé a fi sìmẹ́ńtì àti páánù rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di 1985, inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Swídìn gan-an ni ayẹyẹ náà ti wáyé.

Orúkọ tó fún un ni Right Livelihood. Inú ẹ̀kọ́ Buddha ló ti wá: kí iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe jẹun má ṣe ẹlòmíràn níbi. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Iṣẹ́ Òòjọ́ Tó Tọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o ni wọ́n ń pè ní fáúndéṣọ̀n. Àwa á pè é ní àjọ aláàánú. Ẹ fi wé oko kòkó tí bàbá fà lé ẹbí lọ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà, owó èso rẹ̀ ni kí wọ́n máa fi rán ọmọ lọ sílé ìwé. Bí ẹni bá ti yọ̀ǹda owó fún àjọ aláàánú, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Àwọn alábòójútó ló ń ná an sórí ohun tí ìwé ìdásílẹ̀ bá sọ. Owó sítáǹpù nìkan kò lè gbé e títí dòní. Àwọn míì tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lọ́kàn ń dáwó sí i.

Ibi tí ìdọ́gba ti hàn jù, lójú tèmi, ni bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tó máa gbà á. Fún Nobel, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tó ti gbà á rí àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ nìkan ló lè dárúkọ ẹni. Fún Iṣẹ́ Òòjọ́ Tó Tọ́, ẹnikẹ́ni ló lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí pé ìmọ̀ báyìí nìkan la fẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ìwé ẹ̀rí.

Ìdí nìyẹn tí Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ ará Burkina Faso tí kò mọ̀wé, fi gbà á lọ́dún 2018. Ọ̀dá ti sọ ilẹ̀ agbègbè rẹ̀ di àpáta. Ó mú ọgbọ́n àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní zaï, ó tún un ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn yòókù ń dúró de òjò, ó ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó ń da ìgbẹ́ ẹran àti ewé gbígbẹ sí i. Ikán á wá jẹ ewé náà, á sì máa lu ilẹ̀ jára bó ṣe ń jẹun. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, omi tí ì bá ṣàn kọjá á rí ibi wọ̀, á dúró sí ìdí ọkà bàbà. Wọ́n pè é ní wèrè. Igi wá hù láàárín ọkà, Sawadogo sì dá wọn sí, títí ilẹ̀ aṣálẹ̀ fi di igbó tó tó nǹkan bí 40 hẹ́kítà. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí bíi 600 pulọ́ọ̀tì.

Kí wá ni irú ẹ̀bùn báyìí ń ṣe? Ẹ wo bí oyè ṣe ń rí nílùú. Èèyàn lè sọ òótọ́ títí kẹ́nì kankan má gbọ́. Lọ́jọ́ tó bá joyè, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ààfin á pe ìjókòó lé e.

Agbára oyè náà níbi tó mọ. Lọ́dún 1994 ni wọ́n fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, àti ẹgbẹ́ àwọn ará Ogoni, MOSOP, ní àmì-ẹ̀yẹ náà, nítorí igbe tí wọ́n ń ké pé epo rọ̀bì ti ba odò àti oko àwọn jẹ́. Àtìmọ́lé ló wà nígbà náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995, ìjọba ológun yẹgi fún òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ó ṣì ń dùn mí. Lọ́dún 2010, àmì-ẹ̀yẹ náà tún padà sórí ọ̀rọ̀ epo yìí kan náà, ó bọ́ sọ́wọ́ Nnimmo Bassey, ọmọ Nàìjíríà tó ń jà fún àyíká.

Ti Wangari Maathai ti Kẹ́ńyà ló máa ń múnú mi dùn jù. Àwọn obìnrin abúlé ló kó jọ láti ọdún 1977 láti máa gbin igi, wọ́n sì ń gba owó díẹ̀ lórí irúgbìn kọ̀ọ̀kan tó bá yè. Obìnrin tí kò ní owó tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń ní in. Lọ́dún 1984, Iṣẹ́ Òòjọ́ Tó Tọ́ dá a lọ́lá. Lẹ́yìn 20 ọdún gééré, Nobel fún un ní ti àlàáfíà, nítorí igi kan náà, àyíká kan náà tí wọ́n sọ fún Von Uexkull pé kò sáyè fún.

Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, ẹ lè dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ ò lè dárúkọ ara yín tàbí ìbátan yín tàbí ẹgbẹ́ tí ẹ wà. Ẹ kọ ohun tó ṣe, ibi tó ti ń ṣe é àti ohun tó ti yí padà níbẹ̀. Àjọ náà á wádìí rẹ̀, wọ́n sì lè rán èèyàn wá síbi iṣẹ́ náà kó fojú ara rẹ̀ rí i, kí ìgbìmọ̀ olùyàn tó jókòó.