Òṣùwọ̀n Kan fún Ìlú Méjì

Bí ènìyàn bá fi kóńgò wọn gàrí ní Ìkòròdú, tí ó sì fi agolo wọ̀n ọ́n ní Ẹ̀pẹ́, kò lè sọ ọjà tí gàrí ti wọ́n jù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ìlú méjì tí wọ́n fẹ́ fi ìgbé-ayé àwọn ará wọn wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkànìyàn ọdún 2006. Àjọ Ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ ka 535,619 ènìyàn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú, ó sì ka 181,409 ní ti Ẹ̀pẹ́. Nínú ìkànìyàn tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe fúnra rẹ̀, Ìkòròdú ní 689,045, Ẹ̀pẹ́ sì ní 323,634. Nínú ti àkọ́kọ́, èrò Ìkòròdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Ẹ̀pẹ́. Nínú ti èkejì, díẹ̀ ni ó fi ju ìlọ́po méjì lọ.

Kí ni èyí já sí? Iye èrò ni a fi ń mọ iye aláìsàn tí ó kan oníṣègùn kan, àti iye ọmọ tí ó kan olùkọ́ kan. Ilé-ìwòsàn kan náà lè tó ará Ẹ̀pẹ́ nínú ìwé kan, kí ó má tó wọn nínú ìwé kejì.

Irú ìṣòro yìí ni ìlànà àgbáyé ISO 37120, tí ó jáde ní 2014, wà fún: ó là á sílẹ̀ bí àwọn ìlú yóò ṣe máa ṣírò ọ̀ràn omi, ẹ̀kọ́, ìlera àti ààbò lọ́nà kan náà.

Nítorí náà, kí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tó béèrè ibi tí ayé ti rọrùn jù, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n: ọdún wo, ààlà wo, ìkànìyàn ta ni?