Àbùùbùtán àti Ariwo Ọkọ̀ Ogun

Ẹ̀yin ará Sẹ̀mẹ̀ àti gbogbo etíkun Àgbádárìgì, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé etí ni àbùùbùtán eléyín àti dọ́fíìnì fi ń ríran? Wọn a ké. Bí igbe náà bá kan ẹja, gbohùngbohùn a padà bá wọn, wọn a sì mọ ibi tí oúnjẹ wà nínú òkùnkùn ibú.

Irú ọgbọ́n yìí ni ọkọ̀ ogun fi ń wá ọkọ̀ abẹ́ omi. Sónà ni à ń pe ẹ̀rọ náà, ariwo rẹ̀ sì le púpọ̀. Ní September 2002, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun ń ṣe ìdánrawò ní erékùṣù Kánárì, nítòsí Mòrókò, àbùùbùtán ẹlẹ́nu ṣóńṣó 14 gúnlẹ̀ sí etíkun. Àwọn onímọ̀ bá ìhó afẹ́fẹ́ nínú ara àwọn tó kú. Wọ́n gbà pé ariwo ló da bí wọ́n ṣe ń mòòkùn rú. Ní 2004, ìjọba Spéènì fi òfin de sónà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá láìsí irú rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo àbùùbùtán tó gúnlẹ̀ ni sónà pa. Àwọ̀n àti àìsàn náà ń pa wọ́n. Òótọ́ ni pé ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n bí òkun bá gbé ọ̀kan wá bá yín, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ná, kí ẹ ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja. Òkú náà ni yóò sọ ohun tó pa á.