Ìlò Ìgbóná Abẹ́ Ilẹ̀ fún Iná Mànàmáná: Kí ni a ó fi Omi tí ó Ṣẹ́ Kù Ṣe?

Ìfáárà
Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè rí iná mànàmáná púpọ̀ sí i láti inú omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ láìgbẹ́ kànga tuntun. Wairakei ní orílẹ̀-èdè New Zealand, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí omi ṣe ń di iná
Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná ju dìgírì 200 lọ, síbẹ̀ kò hó, nítorí agbára ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá gba inú kànga gòkè, tí agbára náà dínkù, apá kan nínú rẹ̀ a di oru lójijì. Oru yìí ni a ń yà sọ́tọ̀ láti yí tọ́báìnì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà kì í di oru, ó sì ṣì gbóná gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da irú omi bẹ́ẹ̀ sínú odò Waikato.

Ọ̀nà méjì
Èkíní, a lè tún dín agbára tí ó tẹ omi náà mọ́lẹ̀ kù, kí ó tún mú oru wá. Èyí lè fi nǹkan bí ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún iná tí à ń rí. Èkejì, a lè fi ìgbóná rẹ̀ se nǹkan olómi mìíràn bíi pentane, tí ó ń hó ní nǹkan bí dìgírì 36, kí oru èyí yí tọ́báìnì tirẹ̀. Ní ọdún 2005, wọ́n fi ẹ̀rọ ọ̀nà kejì yìí, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 14, kún ti Wairakei.

Ààlà iṣẹ́ náà
Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Èròjà òkúta tí a ń pè ní sílíkà ti yòrò sínú omi yìí. Bí omi bá tutù jù, sílíkà a dì mọ́ inú páìpù, a sì dí i. Ní àwọn ibùdó kan, ásíìdì díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí omi náà kí sílíkà má tètè dì.

Ìkádìí
Kí olùkọ́ tó dárúkọ tọ́báìnì ní kíláàsì, kí ó kọ́kọ́ la ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin “gbóná” àti “hó” yé akẹ́kọ̀ọ́. Omi lè gbóná kọjá ààlà kí ó má hó. Omi tí kò hó mọ́ sì lè ní ìgbóná tí ó wúlò nínú. Lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.